Láti Ògbómọ̀ṣọ́ dé Àkrà: ìbéèrè àwọn alájàpá nípa ibodè, ìwé ìrìnnà àti ẹrù

Ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà ni mo ní, kò jìnnà sí Ọjà Jagun ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ìwé ni mo máa ń bá àwọn èèyàn kọ: fọ́ọ̀mù pásípọ́ọ̀tù, fọ́ọ̀mù káàdì ibà pọ́njú, lẹ́tà sí oníbàárà ní Lomé. Láti àárọ̀ títí di alẹ́, ìbéèrè kan náà ni mo ń dáhùn. Ọ̀nà ọ̀fun mi ló ní kí n kúkú kọ ọ́ sílẹ̀.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á, ohun kan wà tí mo máa ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá jókòó níwájú mi. Èèyàn lọ́tọ̀, ẹrù lọ́tọ̀, ìsọ̀ lọ́tọ̀. Òfin tó ní kí ẹ̀yin fúnra yín kọjá ní ibodè kọ́ ló ní kí ẹrù yín kọjá. Èyí tó sì jẹ́ kí ẹrù kọjá kò fún yín ní ìsọ̀ nínú ọjà ẹlẹ́ni. Ibi tí ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń kàgbákò nìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n, ṣé òótọ́ ni pé a ò nílò físà láti wọ Kùtọnu, Lomé tàbí Àkrà?

Òótọ́ ni, ó sì ti pẹ́. Ní 28 oṣù Karùn-ún ọdún 1975 ni wọ́n fọwọ́ sí ìwé tó dá ECOWAS, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, sílẹ̀ ní Èkó, lásìkò Ọ̀gágun Yakubu Gowon. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, ní 29 oṣù Karùn-ún ọdún 1979, wọ́n pàdé ní Dakar, wọ́n ní ọmọ orílẹ̀-èdè kan nínú àjọ náà lè wọ òmíràn láìgba físà, kó sì wà níbẹ̀ fún 90 ọjọ́.

Àkàbà onípele mẹ́ta ni àdéhùn yẹn: wíwọlé, gbígbé níbẹ̀, àti dídá òwò sílẹ̀ níbẹ̀. Ìwé lórí gbígbé jáde ní 1986, ti òwò jáde ní 1990. Wíwọlé nìkan ni mo lè fọwọ́ sọ̀yà fún yín lé lórí. Àwọn méjì tó kù, orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ló ń fi òfin ilé rẹ̀ so ó mọ́lẹ̀ bó ṣe wù ú.

Orílẹ̀-èdè 12 ló wà nínú àjọ náà báyìí: Nàìjíríà, Bẹ̀nẹ̀, Tógò, Gánà, Côte d'Ivoire tí àwa ń pè ní Àbíjàn, Sẹ̀nẹ̀gà, Gáḿbíà, Gínì, Gínì-Bìsáù, Làìbéríà, Sierra Leone àti Cape Verde. Mẹ́ta ti jáde. Mo máa dé orí tiwọn.

Ìwé wo ni kí n mú dání? NIN mi ńkọ́, ṣé kò tó?

Kò tó. Ìwé pélébé NIN yẹn kì í ṣe ìwé ìrìnnà; òun la fi ń gba pásípọ́ọ̀tù ni. Pásípọ́ọ̀tù aláwọ̀ ewé wa, tí orúkọ ECOWAS wà lára èèpo rẹ̀, ló ń fọkàn ẹni balẹ̀ jù. Iléeṣẹ́ ìmígíréṣọ̀n tún ní ìwé kékeré kan, ìwé ẹ̀rí ìrìnnà ECOWAS, tó jẹ́ pé Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà nìkan ló wà fún. Owó rẹ̀ kéré sí ti pásípọ́ọ̀tù. Ẹni tí kò ní ohunkóhun ṣe ní òkè òkun lè fi í ṣòwò, bí wọ́n bá ṣì ń fúnni.

Owó pásípọ́ọ̀tù ti gbéra lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọdún kan, ní oṣù Kẹsàn-án 2024 àti oṣù Kẹsàn-án 2025. Olójú ewé 32 tó ń lo ọdún márùn-ún di 100,000 náírà, olójú ewé 64 tó ń lo ọdún mẹ́wàá di 200,000. Ẹnu yín á kọ́kọ́ là sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Ẹni tó bá gba ojú ọ̀nà lọ sí Àbíjàn, ibodè mẹ́rin ni yóò kọjá. Wọ́n á lu òǹtẹ̀ ìjáde lápá kan, wọ́n á lu ti ìwọlé lápá kejì. Òǹtẹ̀ mẹ́jọ ní àlọ, mẹ́jọ ní àbọ̀, 16 ní ìrìn kan ṣoṣo. Alájàpá tó ń lọ lẹ́ẹ̀mẹ́fà lọ́dún, ewé 32 ò ní bá a kalẹ́. Ẹ gba elewé púpọ̀.

Ní ọdún 2014, àwọn olórí ECOWAS fẹnu kò sí káàdì ìdánimọ̀ kan tí a ó lè fi rìn dípò pásípọ́ọ̀tù. Sẹ̀nẹ̀gà ló kọ́kọ́ tẹ tirẹ̀ jáde ní 2016, Gánà náà sì ti ní tirẹ̀. Ní tèmi o, láti ìgbà tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, ọmọ Nàìjíríà kan ò tíì mú tiwa wá sí ṣọ́ọ̀bù mi.

Káàdì yẹ́lò mi ti pé ọdún mẹ́wàá. Ṣé kí n tún abẹ́rẹ́ gbà?

Rárá, màmá. Láti 11 oṣù Keje ọdún 2016, abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú kan ṣoṣo ti tó fún gbogbo ọjọ́ ayé ẹni, káàdì àtijọ́ náà ń bẹ nínú ètò yẹn. Bí ẹnikẹ́ni bá ní tiyín ti kọjá ọjọ́ rẹ̀, ẹ sọ ọ́ fún un pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ẹni tí kò bá tíì gbà á rí ni kó yára: káàdì náà kì í múlẹ̀ àfi lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá tí ẹ gba abẹ́rẹ́. Ẹ má ra èyí tí wọ́n ń tà ní gáréèjì, tí wọ́n á kọ orúkọ yín sí láìgún yín lábẹ́rẹ́. Ẹ̀fọn ò mọ̀wé kà.

Wọ́n lé bàbá mi kúrò ní Gánà ní ọdún Busia. Ṣé wọn ò tún ní lé àwa náà?

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ gidi ló béèrè èyí. Inú ìdílé wa náà ni ọ̀rọ̀ yìí wà. Tamale ni wọ́n bí bàbá mi sí, aṣọ ni ìyá wọn ń tà níbẹ̀. Kí ìjọba òyìnbó tó lọ ni àwọn èèyàn wa ti kún àríwá Gánà, àwa àti àwọn ará Ìgbòho, Ṣakí àti Ìgbẹ́tì. Òwò yẹn ju ibodè lọ lọ́jọ́ orí. Obì gbànja tí ẹ ń jẹ yìí, láti ọ̀dọ̀ àwọn ará Gónjà ní àríwá Gánà lorúkọ rẹ̀ ti wá.

Ní 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia pàṣẹ pé kí gbogbo àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí kí wọ́n máa lọ. Ìyá bàbá mi ti lo ọdún púpọ̀ níbẹ̀, ìwé kankan ò sí. Ta ló ń béèrè ìwé lọ́wọ́ ìyá aláṣọ? Wọ́n dé Ògbómọ̀ṣọ́ pẹ̀lú àwọn ọmọ àti àpótí kan. Gbèsè tí àwọn oníbàárà jẹ wọ́n ní Tamale, wọn ò gbà á títí wọ́n fi sùn. Títí di ọjọ́ ogbó ni wọ́n ń ka orúkọ àwọn onígbèsè yẹn bí ẹni ń ka oríkì.

Àwa náà ṣe tiwa. Ní oṣù Kìíní ọdún 1983, ìjọba Shehu Shagari ní kí àwọn àjèjì tí kò níwèé máa lọ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jẹ́ ará Gánà. Ibẹ̀ ni báàgì onílà yẹn ti gba orúkọ tí a ń pè é, Gáná-mọ́sìgò. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rí ni pé ti 1969 ṣẹlẹ̀ nígbà tí kò sí ECOWAS rárá, ṣùgbọ́n ti 1983 ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ti fọwọ́ sí àdéhùn Dakar. Àdéhùn yẹn kò gbà wọ́n, nítorí 90 ọjọ́ ìwọlé ló fún wọn, kò fún wọn níṣẹ́, kò fún wọn nílé.

Ṣé wọ́n á tún lé wa? Mi ò lè búra pé wọn ò ní ṣe é. Àmọ́ nínú àṣẹ méjèèjì, ẹni tí kò níwèé ni wọ́n dárúkọ. Bí ẹ bá fẹ́ kọjá 90 ọjọ́ níbikíbi, ẹ lọ gba ìwé ìgbélùú lọ́wọ́ ìjọba ibẹ̀, kódà bí onílé bá ń rẹ́rìn-ín sí yín lójoojúmọ́.

Ọ̀nà wo ló dáa jù láti ibí?

Ọ̀nà kan ò wọjà. Ọ̀pọ̀ ará Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ ló ń sọ̀ kalẹ̀ sí Èkó, kí wọ́n tó gba Bàdágìrì lọ sí Sẹ̀mẹ̀. Idiroko náà wà ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Àwọn ará òkè, láti Ṣakí, ní Okerete tó já sí Bẹ̀nẹ̀ lápá tiwọn. Èjìgbò tó múlé tì wá sì ní mọ́tò tó ń lọ tààrà sí Àbíjàn. Ẹni tó bá wọ̀ ọ́ á gbọ́ Yorùbá pẹ̀lú Faransé títí dé ibi tó ń lọ.

Láti Èkó dé Àbíjàn jẹ́ kìlómítà 1,028. Lẹ́yìn Sẹ̀mẹ̀, ẹ ó kan Hilla-Condji láàárín Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò, Aflao láàárín Tógò àti Gánà, àti Elubo láàárín Gánà àti Àbíjàn. Ní Hilla-Condji, ẹ fa aago yín sẹ́yìn ní wákàtí kan. Aago kan náà ni àwa àti Bẹ̀nẹ̀ ń lò. Tógò, Gánà àti Àbíjàn ló yàtọ̀. Mo mọ ẹni tó sáré dé báńkì ní Lomé ní agogo mẹ́jọ tirẹ̀, tó wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà fún wákàtí kan. Ní Aflao, ẹ má rò pé inú igbó ni ibodè wà. Etí ìlú Lomé gan-an ni. Ẹ lè jẹun ní Tógò kí ẹ fẹsẹ̀ rìn lọ fọ ẹnu ní Gánà.

Ní Sẹ̀mẹ̀, láti oṣù Kẹwàá ọdún 2018 ni wọ́n ti ṣí ilé kan tí òṣìṣẹ́ Nàìjíríà àti ti Bẹ̀nẹ̀ jọ ń lò, kí arìnrìn-àjò má baà dúró lẹ́ẹ̀mejì. Èrò yẹn dára. Oṣù mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ní oṣù Kẹjọ 2019, Nàìjíríà ti gbogbo ibodè orí ilẹ̀ pa, nítorí ìrẹsì àti fàyàwọ́, wọ́n ní. Oṣù Kejìlá 2020 ni Sẹ̀mẹ̀ tó ṣí padà, Idiroko dúró di oṣù Kẹrin 2022. Mo rí ìyá tí àpò èlùbọ́ rẹ̀ bà jẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ nígbà yẹn. Nítorí náà, ẹ má kó gbogbo owó yín sí ọjà tó ń tètè bà jẹ́ tí ibodè kan ṣoṣo lè há mọ́.

Owó tí wọ́n ń gbà ní gbogbo ìdènà ojú ọ̀nà ńkọ́? Ṣé ó bófin mu?

Kò bófin mu. Kò sí ibì kankan nínú àdéhùn ECOWAS tí wọ́n ti ní kí ẹni tó ní ìwé pípé san owó kí wọ́n tó lu òǹtẹ̀ fún un. Àmọ́ gbogbo wa la mọ bó ṣe ń lọ.

Mo lọ fúnra mi lọ́dún kan, mo fẹ́ fojú rí ohun tí àwọn oníbàárà mi ń rò fún mi. Ní ibodè kan tí mi ò ní dárúkọ, ọkùnrin tó jókòó sídìí tábìlì wo pásípọ́ọ̀tù mi, ó wo káàdì yẹ́lò mi, kò rí àléébù. Ó wá bi mí pé kí ni mo mú wá fún òun. Mo ní kò sí. Ó gbé ìwé mi sábẹ́ ìwé àwọn ẹlòmíràn, ó ń dá àwọn tó wà lẹ́yìn mi lóhùn. Dẹ́rẹ́bà wa ti ń fọn fèrè. Àwọn tí a jọ wọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kígbe mọ́ mi, wọn ò kígbe mọ́ ọkùnrin yẹn o, èmi ni wọ́n ń bú pé mo fẹ́ fi ìwé mímọ̀ dá wọn dúró. Níkẹyìn, obìnrin oníṣòwò kan láti Ọ̀yọ́ bá mi san án. Ó ní, "Àbúrò, ṣé o fẹ́ kọ́ wọn níwèé ni, àbí o fẹ́ dé Lomé?" Mi ò tíì rí èsì fún un títí dòní.

Ohun tí mo kọ́ nínú rẹ̀ kò pọ̀. Ẹni tí ìwé rẹ̀ bá pé máa ń san díẹ̀, ẹni tí kò bá pé máa ń san púpọ̀, ó sì máa ń san án níbi gbogbo. Ẹ má fi ìwé yín fún àgbèrò tàbí dẹ́rẹ́bà pé kó bá yín lu òǹtẹ̀. Ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ dúró lójú fèrèsé fúnra yín. Bí wọ́n bá ní ẹ sanwó, ẹ béèrè rìsíìtì. Òmíràn á jọ̀wọ́ yín nítorí rìsíìtì yẹn.

Mo fẹ́ kó èlùbọ́ àti òrí lọ sí Kùtọnu. Ṣé màá san owó kọ́sítọ́ọ̀mù?

Ibi tí òfin ti ràn wá lọ́wọ́ jù nìyí, ibẹ̀ náà ni a ò tíì mọ̀ tó. ECOWAS ní ètò kan tó yọ owó ibodè kúrò lórí ọjà tí a ṣe nínú àwọn orílẹ̀-èdè ẹgbẹ́. Ohun oko àti iṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ní 1979, ọjà iléeṣẹ́ sì wọ inú rẹ̀ ní 1990. Ohun oko, ẹran ọ̀sìn àti iṣẹ́ ọwọ́ kò nílò ìwé ẹ̀rí ibi tí wọ́n ti ṣe é. Èlùbọ́, gàrí, ẹ̀wà, igbá fínfín láti Ọ̀yọ́, gbogbo wọn wà nínú agboolé yẹn.

Bí ẹ bá ń ṣe ọjà ní iléeṣẹ́, ọṣẹ tí ẹ fi ẹ̀rọ ṣe tàbí jíùsì máńgòrò inú agolo, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Ẹ gbọ́dọ̀ fi orúkọ iléeṣẹ́ àti ọjà náà sílẹ̀ kí wọ́n fọwọ́ sí i, kí ìwé ẹ̀rí sì bá a lọ. Bí ohun èlò rẹ̀ bá ti òkèèrè wá, iṣẹ́ tí ẹ ṣe lé e lórí ni wọ́n máa wò bóyá ó tó 30% iye rẹ̀. Ìrẹsì Táílàǹdì tí ẹ tún dì sínú àpò tuntun ní Ògbómọ̀ṣọ́ kò tíì di ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́.

Ẹ ṣọ́ra fún ohun tí Nàìjíríà fúnra rẹ̀ kò jẹ́ kó jáde. Àgbàdo wà níbẹ̀, pákó gẹdú, awọ tútù, àjákù irin, àti ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Àwọn oníṣẹ́ awọ ní Ọ̀yọ́, ẹ gbọ́: awọ tútù ni wọ́n dè, báàgì àti tìmùtìmù tí ẹ ti rán parí kọ́. Ní oṣù Kẹjọ 2025, ìjọba tún fi òfin oṣù mẹ́fà de kíkó èso òrí tí a kò tíì fún jáde, kí iṣẹ́ òrí ṣíṣe lè dúró sílé. Òrí tí màmá fún ń lọ, èso rẹ̀ ni wọ́n dè; ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá òfin náà ṣì wà.

Ẹ̀yin tó ń ta gángan àti ère gbígbẹ́ lẹ́bàá Àáfin, wọ́n lè gba ọjà yín bí ẹ ò bá níwèé. Aṣọ́bodè kò mọ ère tí wọ́n gbẹ́ lánàá yàtọ̀ sí èyí tí bàbáńlá ẹnìkan gbẹ́. Ọ̀dọ̀ àjọ tó ń bójú tó ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ni ẹ ti máa gba ìwé pé ohun tuntun ni. Ẹ lọ gbà á kí ẹ tó di ẹrù.

Mo fẹ́ gba ìsọ̀ ní Àkrà kí n máa ta aṣọ òfì níbẹ̀. Ṣé ECOWAS kò fún mi lẹ́tọ̀ọ́?

Lórí ìwé, ó fún yín. Nínú ọjà, Gánà ní òfin tirẹ̀. Òfin ìdókòwò wọn ti ọdún 2013 fi títajà nínú ọjà, kíkiri, àti jíjókòó nídìí ìsọ̀ sílẹ̀ fún ọmọ Gánà nìkan. Àjèjì tó bá fẹ́ dá iléeṣẹ́ rírà àti títà sílẹ̀ gbọ́dọ̀ mú 1,000,000 dọ́là wá, kó sì gba ọmọ Gánà 20 tó mọṣẹ́ síṣẹ́. Òfin yìí ni wọ́n gbé dání nígbà tí wọ́n ń ti ṣọ́ọ̀bù àwọn ọmọ Nàìjíríà pa ní 2019 àti 2020. Àwọn èèyàn wa ń pariwo ECOWAS, àwọn ẹgbẹ́ oníṣòwò Gánà ń pariwo òfin ilé wọn. Ní tòótọ́, àwọn méjèèjì ní ìwé lọ́wọ́.

Èrò tèmi ni pé wọn ò bá ẹ̀mí àdéhùn 1990 yẹn lọ. Àmọ́ ọmọ aláṣọ òfì kò lè fi ẹ̀mí àdéhùn ṣí kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n fi ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ohun tí mo ń sọ fún àwọn oníbàárà mi ni pé kí wọ́n má jókòó nídìí ìsọ̀. Ẹ wá alágbàtà ọmọ Gánà, ẹ tà fún un ní òdìdì, ẹ gbowó, ẹ padà wálé kí 90 ọjọ́ tó pé. Èrè orí aṣọ kọ̀ọ̀kan á dín kù, ó dájú. Mọ̀lẹ́bí wa kan ní Ìsẹ́yìn ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀, wọn ò ti ìsọ̀ kankan pa mọ́ ọn lórí, nítorí kò ní.

Owó wo ni kí n mú lọ?

Sẹ́fà ni wọ́n ń ná ní Bẹ̀nẹ̀, Tógò àti Àbíjàn, sídì ni ti Gánà. Wọ́n so sẹ́fà mọ́ yúrò ní 655.957 sí ẹyọ kan, kì í dédé gòkè sọ̀ kalẹ̀ bíi náírà. Ìgbà kan ṣoṣo tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ dìjà ni oṣù Kìíní 1994, tí wọ́n gé iye rẹ̀ sí ìdajì ní ìró kan. Nítorí náà, ẹ fi sẹ́fà dá iye ọjà, ẹ má fi náírà. Bí ẹ bá ta gbèsè oṣù mẹ́ta ní náírà, ẹ ti fi ọjà tọrẹ nìyẹn.

Owó tó bá ju 10,000 dọ́là lọ, ẹ gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fún kọ́sítọ́ọ̀mù kí ẹ tó jáde, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọ́n lè gbà á lọ́wọ́ yín. Láti oṣù Kìíní 2022 ni ètò PAPSS ti wà, tó jẹ́ kí báńkì fi owó ilẹ̀ kan ránṣẹ́ sí ilẹ̀ kejì láìkọ́kọ́ ṣẹ́ ẹ sí dọ́là. Ẹ béèrè ní báńkì yín bóyá wọ́n wà nínú rẹ̀. Ní ibodè, ẹ ṣẹ́ kìkì iye tí ẹ máa fi jẹun àti owó mọ́tò, kí ẹ sì kà á kí ẹ tó yísẹ̀.

Mo fẹ́ wa mọ́tò mi lọ.

Ìnṣọ́ránsì tilé kò ní sọdá. Ẹ gba ti ECOWAS tí wọ́n ń pè ní Brown Card, èyí tí àdéhùn 1982 bí. Mọ́tò tara ẹni lè wà lọ́hùn-ún fún 90 ọjọ́. Mọ́tò akérò tàbí akẹ́rù, ọjọ́ 15, kò sì gbọ́dọ̀ máa ṣiṣẹ́ káàkiri inú ìlú wọn láàárín àkókò náà.

Niger, Mali àti Burkina Faso ńkọ́? Mo gbọ́ pé wọ́n ti jáde.

Wọ́n kéde rẹ̀ ní oṣù Kìíní 2024, ó sì múlẹ̀ ní 29 oṣù Kìíní 2025. ECOWAS ní kí àwọn tó kù máa gba ìwé ìrìnnà wọn bíi ti tẹ́lẹ̀. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta náà sì ti sọ ní oṣù Kejìlá 2024 pé ọmọ ECOWAS lè wọ ọ̀dọ̀ àwọn láìgba físà. Àmọ́ òfin kan ṣoṣo tó so gbogbo wa pọ̀ ti já. Ẹni tó ń lọ sí Niamey ra àlùbọ́sà, kó pe àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ibẹ̀ kó tó di ẹrù.

Ṣáínà ni mo ti ń ra ọjà. Wọ́n ní káàdì kan wà tí oníṣòwò fi ń wọlé láìgba físà. Ṣé ẹ lè bá mi gbà á?

Mi ò lè bá yín gbà á, ẹ má sì fún ẹnikẹ́ni lówó pé ó lè gbà á. Ti àjọ APEC ni káàdì yẹn, ẹgbẹ́ ọrọ̀ ajé 21 tó yí òkun Pàsífíìkì ká, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1989. Ọsirélíà, Kòríà àti Filipíìnì ló bẹ̀rẹ̀ káàdì náà ní 1997. Ọdún márùn-ún ni ó ń lò, ó sì ń fún ẹni tó ní in ní ìlà tirẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú. Ṣáínà wà nínú ẹgbẹ́ náà, Nàìjíríà kò sí níbẹ̀. Físà Ṣáínà ni tiyín.

Mo máa ń fi káàdì yìí wé ẹ̀tọ́ ìwọlé ECOWAS tiwa nínú ọkàn mi. Tiwọn, ìwọ̀nba oníṣòwò tí ìjọba wọn ti yẹ̀ wò ni wọ́n ń fún. Tiwa, aláàkàrà àti oníléeṣẹ́ ló jọ ni ín láìjẹ́ pé wọ́n kọ́kọ́ béèrè fún un. Nínú ọ̀rọ̀ kíkọ, tiwa lawọ́ ju tiwọn lọ fíìfíì. Ibi tí wọ́n ti ta wá yọ ni pé òṣìṣẹ́ tó jókòó sí pápákọ̀ wọn mọ ohun tí káàdì náà túmọ̀ sí.

Ọjà kan ṣoṣo fún gbogbo Áfíríkà ńkọ́?

AfCFTA ni ẹ ń wí. Wọ́n fọwọ́ sí i ní Kigali ní oṣù Kẹta 2018, Nàìjíríà fọwọ́ sí i ní oṣù Keje 2019, òwò lábẹ́ rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ ní 1 oṣù Kìíní 2021. Àkrà ni olú ọ́fíìsì rẹ̀ wà. Ẹrù ló ń bá wí, kò fún ẹnikẹ́ni ní físà ọ̀fẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ tajà dé Kẹ́ńyà ló kàn, fún ìrìn Lomé, ti ECOWAS ti tó yín.

Ṣé màá gbọ́ wọn lédè?

Ní Àjàṣẹ́, Kétu àti Sábẹ̀ẹ́ ní Bẹ̀nẹ̀, Yorùbá ni ẹ máa sọ, ẹ kàn máa rẹ́rìn-ín sí bí wọ́n ṣe ń fi Faransé lù ú. Ní ojú fèrèsé ibodè, ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń kí "bonjour". Ó ń dín ojú kíkó kù.

Bí wọ́n bá fìyà jẹ mí lọ́hùn-ún, ta ni mo lè fẹjọ́ sùn?

Ọ́fíìsì aṣojú Nàìjíríà nílùú yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ pè. Ẹ kọ nọ́ńbà wọn sí ìwé kí ẹ tó kúrò nílé, nítorí fóònù ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ gbà. ECOWAS tún ní ilé ẹjọ́ ní Abuja. Láti ọdún 2005, ẹnikẹ́ni lè gbé ìjọba orílẹ̀-èdè ẹgbẹ́ kan lọ síbẹ̀ lórí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, láìkọ́kọ́ lọ sí ilé ẹjọ́ tìlú náà. Agbẹjọ́rò àti owó ọkọ̀ ló kù. Ẹgbẹ́ alájàpá tó bá para pọ̀ lè ṣe é, ẹnìkan ṣoṣo tí wọ́n gba àpò òfì méjì lọ́wọ́ rẹ̀ yóò ná ju àpò náà lọ.

Báwo ni mo ṣe ń ka 90 ọjọ́ yẹn?

Láti ọjọ́ tó wà lórí òǹtẹ̀ ìwọlé yín ni. Ẹ kà á lójú fèrèsé níbẹ̀ kí ẹ tó kúrò: ọjọ́, oṣù, ọdún. Wọ́n ti lu oṣù tó kọjá fún oníbàárà mi kan rí, òun náà kò wò ó. Ìgbà tó ń padà bọ̀, wọ́n ní ó ti lo 104 ọjọ́, ó sì jẹ́ pé 74 ló lò. Tíkẹ́ẹ̀tì mọ́tò tó wọ̀ lọ ló yọ ọ́, nítorí ó tọ́jú rẹ̀ sínú Bíbélì.